Èémí Alága

Ìka méjì péré ni ẹ̀rọ gbà lọ́wọ́ Sùlíyá, ṣùgbọ́n ohun tí ó gbà lọ́kàn rẹ̀ ju ìka méjì lọ. Ìka ìfábẹ̀lá àti ìka àárín ọwọ́ òsì ni, ojú ọgbẹ́ wọn sì ti jinná láti bí ọdún méjì. Bí ó bá ń ṣe àlùwàlá, bí ó bá ń fọ àwo, bí ó bá ń wé gèlè, ó ti mọ bí a ṣe ń fi ìka mẹ́ta ṣe iṣẹ́ márùn-ún. Èyí tí kò jinná ni ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n kọ sínú ìwé nílé-iṣẹ́ nítorí ìjàǹbá náà: àìfiyèsí.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Sùlíyá. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni nígbà tí ó wá bá ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ní Agége, kò sì pé oṣù mẹ́ta tí ó dé tí ó fi rí iṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ kan ní Orẹ́gùn, níbi tí wọ́n ti ń fi páànù ṣe ìdérí agolo. Ọdún mẹ́tàlélógún ni ó lò nídìí ẹ̀rọ kan náà. Níbẹ̀ ni ó wà tí ó fi lọ́kọ, níbẹ̀ ni ó wà tí ó fi bí Uswat, ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ padà sílé láti lọ máa mójú tó oko kajú bàbá rẹ̀, tí ó sì ní kí gbogbo wọn jọ máa lọ, ohun tí Sùlíyá sọ ni pé òun kò lè fi ẹ̀rọ òun sílẹ̀ fún ẹni tí kò gbọ́ èdè rẹ̀.

Ọkọ rẹ̀ rò pé àwàdà ni. Kì í ṣe àwàdà.

Ẹ̀rọ náà ga ju ènìyàn méjì tí ó gun ara wọn léjìká lọ. Òṣìṣẹ́ á fi páànù sí abẹ́ rẹ̀, á yọ ọwọ́, á fi ẹsẹ̀ tẹ irin ìtẹ̀sẹ̀ tí ó wà nísàlẹ̀. Nígbà náà ni orí ẹ̀rọ, tí ó jẹ́ irin gbọnran, á já wálẹ̀, gbì, á gé páànù náà ní róbótó, á sì tún gòkè padà. Afẹ́fẹ́ ni ó ń gbé e lọ sókè sódò. Bí ó bá ti gòkè tán, á tú afẹ́fẹ́ náà sílẹ̀ bí àgbàlagbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fìdí kalẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ oòjọ́: fùùùù.

Àwọn obìnrin ìdí ẹ̀rọ ní ẹ̀kọ́ kan tí wọ́n máa ń fi lé ara wọn lọ́wọ́. Ẹni tí ó bá ti pẹ́ jù ni ó máa ń kọ́ ẹni tuntun lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹni tuntun náà yóò sì máa kà á sókè títí tí yóò fi mọ́ ọn lára: "Fi sí i. Yọwọ́. Tẹ̀ ẹ́. Gbọ́ èémí rẹ̀." Mẹ́ta àkọ́kọ́ wà nínú ìwé òfin ilé-iṣẹ́. Ìkẹrin kò sí níbẹ̀. Àwọn obìnrin ni wọ́n fi ìrírí fi kún un. Bí èémí ẹ̀rọ bá gùn, ó ti sinmi nìyẹn, ọwọ́ lè wọlé. Bí ó bá kúrú, a jẹ́ pé ó fi díẹ̀ pamọ́ sínú, yóò sì tún já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i láìsí ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, Sùlíyá gbọ́ èémí kúkurú náà. Ó gbọ́ ọ ketekete. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọjọ́ náà pọ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì ti ń wọlé lọ kí etí rẹ̀ tó ránṣẹ́ sí i.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n dán ẹ̀rọ náà wò ní ọgbọ̀n ìgbà. Kò lu àlùtúnlù rárá. Ọ̀gá Olúfúnṣọ́, ọmọ Ìjẹ̀bú tí ó jẹ́ olórí àwọn tí ń tún ẹ̀rọ ṣe, wá bá a ní ilé ìwòsàn. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, ó gbé èso wá. Sùlíyá sọ ohun tí ó gbọ́ fún un.

Ọ̀gá Olúfúnṣọ́ bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó sì tún un wọ̀. "Ìyá Uswat," ó wí pẹ̀lú àánú, "ẹ̀rọ kì í mí."

Báyìí ni ọ̀rọ̀ náà ṣe wọ inú ìwé. Ní oṣù àkọ́kọ́, Sùlíyá ń bá wọn jiyàn nínú ọkàn rẹ̀. Ní oṣù kẹfà, ó ń bi ara rẹ̀ bóyá lóòótọ́ ni òun gbọ́ ohunkóhun. Nígbà tí ó fi máa di ọdún kejì, ó ti gbà pẹ̀lú wọn. Ẹni tí gbogbo ilé bá ń sọ fún pé kò ríran, bí ó pẹ́ bí ó yá, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tá ràrà.

Nítorí náà, nígbà tí fóònù rẹ̀ dún ní Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ kan, tí ó sì gbọ́ ohùn Ọ̀gá Olúfúnṣọ́, díẹ̀ ló kù kí ó pa á.

"Ìyá Uswat, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé àlàáfíà lẹ wà?"

"A dúpẹ́, Ọ̀gá. Àwọn ará ibi iṣẹ́ ńkọ́?"

"Ìyẹn gan-an ni mo torí ẹ̀ pè. Àwọn àgbà ìdí ẹ̀rọ ti lọ tán. Ọmọbìnrin mẹ́fà la ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà, ìkankan nínú wọn ò tíì fojú kan irú ẹ̀rọ yẹn rí. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ wá máa kọ́ wọn. Ẹ ò ní fọwọ́ kan iṣẹ́ kankan. Ẹ kàn máa kọ́ wọn ni. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀. Ẹ fún mi lésì kó tó di ọjọ́ Àbámẹ́ta."

Sùlíyá ní òun yóò rò ó. Kò sí ohun tí ó fẹ́ rò. Kí ni ẹni tí etí rẹ̀ purọ́ fún un yóò fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ? Bí òun bá sọ fún wọn pé kí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé èémí ẹ̀rọ, tí ó sì jẹ́ pé lóòótọ́ ni ẹ̀rọ kì í mí, ìka ta ni yóò kàn? Bí òun bá sì fi ẹ̀kọ́ kẹrin sílẹ̀, tí ó sì jẹ́ pé òótọ́ ni, ìka ta ni yóò kàn? Nǹkan tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Ọwọ́ méjìlá ni yóò máa wọ abẹ́ irin yẹn láti ọjọ́ Ajé, òun kò sì mọ èyí tí òun lè bá wọn sọ láìṣẹ̀.

Ibi tí ó ń jókòó sí lójoojúmọ́ láti ìgbà ìjàǹbá náà ni ilé géèmù tí Uswat ṣí sí Dópẹ̀mú, ní òkè ilé kan tí wọ́n ti ń ta táyà ọkọ̀ nísàlẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n mẹ́rin ni ó wà níbẹ̀, àga gbọọrọ mẹ́rin, àti gbohùngbohùn ńlá kan tí ó ń kọrin láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Uswat ti pa ohùn tẹlifíṣọ̀n mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, nítorí ó ní bí gbogbo wọn bá ń pariwo pọ̀, orí yóò fọ́ òun. Orin ni àwọn oníbàárà fẹ́, orin ni ó ń fún wọn. Iṣẹ́ Sùlíyá kò ju pé kí ó máa wo ẹni tí àsìkò rẹ̀ ti pé, kí ó sì máa bẹ àwọn ọmọkùnrin náà pé kí wọ́n má gbé bàtà lé àga.

Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni géèmù tuntun kan ti gba ọkàn gbogbo wọn. Ọ̀kẹ́rẹ́ kékeré kan tí ó dé fìlà ni ó ń rìn nínú ayé aláràbarà kan, tí ó ń fo odò, tí ó ń gun igi, tí ó ń wá ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tí wọ́n jí kó nílùú rẹ̀. Ẹni tí ó jí i kó ń dúró dè é ní òpin ìpele keje. Ìnàkí ni. Ó tóbi bí ọkọ̀ akóyọyọ, àyà rẹ̀ gbòòrò bí ilẹ̀kùn ilé ìkẹ́rùsí, ó so táyà ọkọ̀ mọ́ ọrùn bí ẹ̀gbà, ó wọ ṣòkòtò pénpé pupa, irun orí rẹ̀ sì dúró ṣánṣán bí ẹni tí ẹ̀rù ń bà. Àwọn ọmọkùnrin náà sọ ọ́ ní Alága, nítorí pé ẹnikẹ́ni kò lè kọjá láìjẹ́ pé ó fọwọ́ sí i, kò sì tíì fọwọ́ sí i fún ẹnikẹ́ni.

Bí Alága ṣe ń jà kò farasin. Yóò lu àyà lẹ́ẹ̀mejì, yóò gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, yóò sì fi wọ́n lu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn náà yóò jókòó, yóò la ẹnu, ahọ́n rẹ̀ á yọ síta. Ìgbà yẹn nìkan ni ọ̀kẹ́rẹ́ lè sáré sún mọ́ ọn kí ó sọ ẹ̀kùrọ́ mọ́ ọn níwájú orí. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni a gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kí ó tó ṣubú. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, Alága kì í sinmi lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kẹta. Yóò ṣe bí ẹni tí ó fẹ́ jókòó, ọ̀kẹ́rẹ́ yóò sáré wọlé, ọwọ́ náà á sì já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹrin. Ọ̀kẹ́rẹ́ á wá fẹ̀ pẹlẹbẹ bí ìwé, fìlà rẹ̀ nìkan ni yóò máa yí gbirigbiri nílẹ̀.

Uswat ti fi ọ̀dà funfun kun àyè kan lára ògiri. Ó ní ẹni tí ó bá kọ́kọ́ ṣẹ́gun Alága ni òun yóò kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀. Àyè náà ṣófo títí di ọjọ́ Jímọ̀.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ náà, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, Quadri dé. Gìrìpá ọkùnrin ni, ó ń na ara ọkọ̀ tí ó bá ti tẹ̀ ní ojú pópó Akọ̀wọnjọ, ohùn rẹ̀ sì máa ń ṣíwájú rẹ̀ dé inú ilé.

"Màmá, ẹ káàsán. Ẹ wá àwọ̀ tó dára fún orúkọ mi. Òní ni Alága máa kógbá sílé."

"Ohun tó o wí lánàá nìyẹn," Uswat fèsì láti ẹ̀yìn tábìlì. "Lánàá náà, fìlà ọ̀kẹ́rẹ́ nìkan la rí sin."

"Àná yàtọ̀. Ebi ló ń pa mí lánàá."

Àwọn mẹ́ta tí ó wà nídìí tẹlifíṣọ̀n yòókù rẹ́rìn-ín. Quadri jókòó, ó gbé páàdì, ó bá ìpele náà lọ títí ó fi dé ọ̀dọ̀ Alága. Ibi tí Alága ti gbé ọwọ́ sókè ni iná ti lọ.

Uswat yí ẹ̀rọ ìpamọ́ iná sí i. Bátìrì rẹ̀ ti di arúgbó, tẹlifíṣọ̀n kan ṣoṣo ni ó lè gbé. Àwọn mẹ́ta yòókù gbé àga wọn wá sẹ́yìn Quadri. Gbohùngbohùn náà dákẹ́, inú ilé sì pa rọ́rọ́. Quadri ní, "Uswat, jọ̀ọ́, ṣí ohùn tẹlifíṣọ̀n yìí. Ilé dà bí ilé òkú."

Báyìí ni ó ṣe jẹ́ pé, nígbà tí Quadri tún dé ọ̀dọ̀ Alága, wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ó lu àyà, ó dún bí agbada irin. Ó lu ilẹ̀: gbì, gbì, gbì. Sùlíyá, tí ó ń ka ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀sùbáà rẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé, dá ọwọ́ dúró. Alága jókòó, ó sì mí: fùùùù. Quadri sáré wọlé, ó sọ ẹ̀kùrọ́, ó sá padà. Gbì, gbì, gbì. Fùùùù. Ó tún sọ ọ́. Gbì, gbì, gbì. Fù.

"Yóò tún lu," Sùlíyá wí. Kò mọ̀ pé ẹnu òun ni ó ti jáde.

Quadri ti wọlé. Ọwọ́ Alága já wálẹ̀. Fìlà ń yí nílẹ̀.

Quadri yíjú padà. "Màmá, ẹ ti ṣépè fún mi."

"N kò ṣépè fún ọ. Mo kàn sọ ohun tó fẹ́ ṣe ni."

"Ṣé ẹ̀yin àti Alága jọ ń jẹun ni?"

"Kọ̀ǹpútà ló ń yàn án bó ṣe wù ú, Màmá," Uswat dá sí i. "Kò sẹ́ni tó lè mọ̀ ọ́n."

Sùlíyá gbé àga rẹ̀ sún mọ́ wọn díẹ̀. Quadri tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni èémí náà gùn, Sùlíyá sì dákẹ́. Nígbà kẹta ó kúrú. "Dúró," ó wí. Quadri kò dúró, ó kú. Ó tún bẹ̀rẹ̀. "Wọlé. Wọlé. Dúró." Lọ́tẹ̀ yìí, Quadri dúró. Ọwọ́ ẹ̀ẹ̀kẹrin já wálẹ̀ sórí ilẹ̀ lásán, eruku sọ, Alága wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni tí ẹnu yà.

Kò sí ẹni tí ó rẹ́rìn-ín mọ́. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin náà ní, "Màmá gbọ́ nǹkan kan."

Quadri gbé páàdì náà lé Sùlíyá lórí itan. "Màmá, n kò lè fi etí yín jà. Ẹ fi ọwọ́ ara yín jà á."

"Ọwọ́ wo?" Sùlíyá bi í, ó sì na ọwọ́ òsì sí i.

Ẹlòmíràn ì bá yíjú. Quadri wo ọwọ́ náà dáadáa. "Àtàǹpàkò yín wà níbẹ̀, Màmá. Àtàǹpàkò nìkan ló ń rin ọ̀kẹ́rẹ́. Àwọn tó kù, èrò ọkọ̀ ni wọ́n."

Ìgbà tí ó kọ́kọ́ gbìyànjú, odò ìpele keje ni ó rì sí, gbogbo wọn sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́, òun náà fi ara rẹ̀ ṣe. Ìgbà kẹrin ni ó tó dé ọ̀dọ̀ Alága. Ibẹ̀ ni ó ti rí nǹkan tí kò retí. Bí èémí bá kúrú, kò sí wàhálà. Ara rẹ̀ ti mọ sísá. Èémí gígùn ni ìṣòro. Alága jókòó, ó mí fùùùù, ahọ́n rẹ̀ ń fì, ọ̀nà ṣí sílẹ̀ gbayawu, ṣùgbọ́n àtàǹpàkò Sùlíyá kọ̀, kò tẹ̀ síwájú. Ojú egbò ìka rẹ̀ méjèèjì ń jó o bí ẹni pé àná ni. Ó ń wo irin ní Orẹ́gùn.

"Ẹ wọlé, Màmá," Uswat wí jẹ́jẹ́. Ó ti kúrò lẹ́yìn tábìlì rẹ̀, ó ti dúró sẹ́yìn ìyá rẹ̀.

Alága dìde, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í lu ilẹ̀.

Nígbà náà ni ọ̀rọ̀ kan yé Sùlíyá yékéyéké. Ẹni tí kò bá gbọ́ èémí kúkurú yóò fara pa, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá gba èémí gígùn gbọ́ kò ní ṣe iṣẹ́ kankan láyé mọ́. Yóò jókòó sẹ́bàá fèrèsé títí ilẹ̀ yóò fi ṣú bá a. Gbogbo bí etí rẹ̀ ṣe sọ ọ́ láti ọ̀sán yìí ni ó ṣe rí. Kò tíì ṣì í lẹ́ẹ̀kan. Ṣé ó wá jẹ́ pé ọjọ́ kan ṣoṣo ni ó ṣì í, ọjọ́ tí ẹ̀rọ gbà á níka?

Gbì, gbì, gbì. Fùùùù.

"Fi sí i," ó wí lábẹ́ ètè, ọ̀kẹ́rẹ́ sì sáré wọlé. Ẹ̀kùrọ́ bà á. "Yọwọ́." Ọ̀kẹ́rẹ́ sá jáde. Lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. Fù. Ó dúró, ọwọ́ já sórí eruku. Fùùùù, ó wọlé. Ẹ̀ẹ̀karùn-ún, ẹ̀ẹ̀kẹfà. Èémí kúkurú tẹ̀lé ara wọn lẹ́ẹ̀mejì, ó dúró lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀keje. Nígbà tí ẹ̀kùrọ́ kẹjọ bà á, Alága dìde dúró, ó fọwọ́ bo orí, táyà ọrùn rẹ̀ já, ó yí lọ, Alága sì jókòó sílẹ̀, ó bú sẹ́kún bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ láti òkè bí òjò.

Quadri dìde, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ilé géèmù. "Màmá, ta ló kọ́ yín?"

"Alága mìíràn ni," Sùlíyá wí. "Ní Orẹ́gùn."

Àwọn àgbà máa ń sọ pé bí ọ̀bọ ṣe gbọ́n ni Ògúngbẹ̀ náà gbọ́n. Bí ọ̀bọ bá ń tiro, Ògúngbẹ̀ a máa bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Uswat ń fi ọ̀dà pupa kọ "Ìyá Uswat" sára ògiri, Sùlíyá ti wà lórí àtẹ̀gùn níta, fóònù létí.

"Ọ̀gá, mo ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Àmọ́ mo ní ẹ̀bẹ̀ kan."

"Ẹ sọ ọ́, Ìyá Uswat."

"Mo gbọ́ pé ẹ ti gbé rédíò ńlá sídìí ẹ̀rọ láti ìgbà tí mo ti kúrò."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Kó lè máa dá wọn lára yá ni."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n pa á. Kẹ́yin náà sì wá dúró tì mí láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, kì í ṣe nínú yàrá onígíláàsì yín. Kẹ́ ẹ yọ òwú tẹ́ ẹ fi ń dí etí nítorí ariwo."

"Ìyá Uswat, ṣé ọ̀rọ̀ ijọ́sí náà nìyí?"

"Òun náà ni, Ọ̀gá."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, Sùlíyá jáde nílé rẹ̀ ní Ìfàkò-Ìjàyè kí oòrùn tó mú. Ó wọ ọkọ̀ dé Ìkẹjà, ó wọ kẹ̀kẹ́ wọ Orẹ́gùn. Òórùn páànù àti òróró ni ó kọ́kọ́ kí i káàbọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn ọmọbìnrin mẹ́fà náà tò síwájú ẹ̀rọ nínú ẹ̀wù aláwọ̀ búlúù tí ó ṣì le gbagidi. Munirat ni orúkọ èyí tí ó kéré jù nínú wọn. Bí ó ti ń wo ẹ̀rọ náà ni ó ń wo ọwọ́ Sùlíyá.

Sùlíyá rí i. Ó gbé ọwọ́ náà sókè kí gbogbo wọn lè rí i tán lẹ́ẹ̀kan náà. "Ẹ wò ó dáadáa," ó wí. "Bẹ́ ẹ bá ti wò ó tán, ẹ jẹ́ ká fojú sí ẹ̀rọ."

Kò gbà kí ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ wọ abẹ́ irin. Ó fún Munirat ní ọ̀pá igi kan láti máa fi ti páànù wọlé, ó sì ní kí ó máa tẹ̀ ẹ́, kí àwọn yòókù máa gbọ́. Gbì. Fùùùù. Ọ̀gá Olúfúnṣọ́ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ká ọwọ́ gbera, etí rẹ̀ ṣófo.

Nígbà tí ó di ọgbọ̀n ìgbà, kò sí nǹkan kan. Ọ̀gá Olúfúnṣọ́ rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ọgbọ̀n náà la dán an wò lọ́jọ́sí, Ìyá Uswat."

"Mo mọ̀, Ọ̀gá. Òwúrọ̀ lẹ dán an wò. Ọ̀sán ló mú mi. Ẹ jẹ́ kí ara ẹ̀ gbóná."

Wọ́n bá a lọ. Ọgọ́ta. Ọgọ́rùn-ún. Ọwọ́ àwọn ọmọbìnrin náà ti ń rẹ̀, wọ́n ń gba ìtẹ̀sẹ̀ lọ́wọ́ ara wọn, ara ẹ̀rọ náà sì ti gbóná débi pé afẹ́fẹ́ ń jó lójú lẹ́bàá rẹ̀. Ọ̀gá Olúfúnṣọ́ ti wo aago lẹ́ẹ̀mejì. Ó tún kan Munirat. Ó fi páànù sí i, ó tẹ̀ ẹ́. Gbì.

Fù.

"Gbé ẹsẹ̀ kúrò," Sùlíyá wí. "Gbogbo yín, ẹ sún sẹ́yìn."

Munirat gbé ẹsẹ̀ kúrò. Ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì dúró sórí ilẹ̀ gbalasa, ó di ọ̀pá rẹ̀ mú mọ́yà. Kò sí ẹni tí ó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ẹ̀rọ náà dúró fún ìwọ̀n ìgbà tí ènìyàn lè fi gbé itọ́ mì. Lẹ́yìn náà, orí irin náà já wálẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ọ̀gá Olúfúnṣọ́ bọ́ awò ojú rẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí kò rántí nù ún.

Kí ó tó di ọ̀sán, wọ́n ti tú ìhà ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà. Rọ́bà róbótó kan, tí kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ, ni wọ́n yọ jáde níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń gbà jáde. Ó ti gbó, ara rẹ̀ ti sán. Bí ó bá tutù, á rọra ṣí. Bí ó bá gbóná, á wú, á sì dí afẹ́fẹ́ mọ́nú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá Olúfúnṣọ́ gbé e lé àtẹ́lẹwọ́, ó ń wò ó.

"Ìyá Uswat," ó wí nígbà tí ó ṣe, "ẹ̀rọ ń mí."

"Ó ń mí, Ọ̀gá."

"Ẹ ti sọ ọ́ fún mi."

"Mo sọ ọ́. Nígbà tó yá, èmi náà ò gba ara mi gbọ́ mọ́. Alága ló rán mi létí."

"Alága ìjọba ìbílẹ̀?"

"Rárá o, Ọ̀gá. Ìnàkí ni."

Ó wò ó bí ẹni pé oòrùn ti pa á, ṣùgbọ́n kò bèèrè síwájú. Ó wọ yàrá onígíláàsì rẹ̀ lọ, ó mú ìwé ìjàǹbá ọdún kejì sẹ́yìn jáde. Kò lè fa ohun tí wọ́n ti kọ ya. Òfin ilé-iṣẹ́ kò gbà á. Ó kọ ìwé mìíràn, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lójú Sùlíyá: *Ẹ̀rọ ni ó lu àlùtúnlù. Òṣìṣẹ́ gbọ́ ọ, ó sì sọ ọ́.* Ó fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà ó bi í pé kí ni ó tún fẹ́.

Sùlíyá ní kí wọ́n kọ ẹ̀kọ́ kẹrin kún mẹ́ta tí ó wà lára ògiri ìdí ẹ̀rọ, kí rédíò sì máa kọrin ní ìgbà oúnjẹ nìkan. Wọ́n fi rọ́bà tuntun sí i. Sùlíyá kò jẹ́ kí ìyẹn tàn án. Ó mọ̀ pé ohun tí ó jẹ́ tuntun lónìí ń rìn lọ sọ́dọ̀ ogbó, etí sì ni yóò kọ́kọ́ mọ ọjọ́ tí ó débẹ̀.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tí ó tẹ̀lé e, ọmọbìnrin mẹ́fà gun àtẹ̀gùn ilé géèmù ní Dópẹ̀mú. Uswat ti pa gbohùngbohùn, ó sì ti ṣí ohùn tẹlifíṣọ̀n kan. Quadri jókòó ní ìkángun, ó ń ráhùn pé wọ́n ti sọ ilé ìgbádùn di ilé-ìwé, síbẹ̀ kò dìde lọ.

Munirat ni páàdì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Sùlíyá jókòó tì í. Alága lu àyà, ó gbé ọwọ́ sókè. Gbì, gbì, gbì.

Fù.

"Kúkurú ni, Màmá," Munirat wí, ó sì dá ọwọ́ dúró. Eruku sọ níwájú ọ̀kẹ́rẹ́.

Alága tún bẹ̀rẹ̀. Gbì, gbì, gbì. Lẹ́yìn náà ni èémí náà tú jáde, ó gùn, ó rọlẹ̀, ó sinmi. Munirat yíjú wo Sùlíyá.

"Má wò mí," Sùlíyá wí. "Etí rẹ ti sọ fún ọ. Wọlé."

Munirat sì wọlé.